Àwòrán kòkòrò: ṣé fíláàṣì ni àbí oòrùn?

Oòrùn-ń-ràn béèrè:

Ẹ̀yin oníkámẹ́rà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo àwọn àwòrán kòkòrò tí ẹ ń gbé síbí, mi ò lè dákẹ́ mọ́. Ẹ̀yìn àwòrán á ṣókùnkùn biribiri, ẹ̀yìn kòkòrò á máa dán yanran, ibi tí iná ti bà á á wá funfun báláú. Ẹ sì ní ọ̀sán gangan lẹ yà á! Ọlọ́run fún wa ní oòrùn lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ tún ń gbé iná dání. Èmi ò lo fíláàṣì rí, n ò sì fẹ́ lò ó. Canon kékeré kan ni mo ní, pẹ̀lú lẹ́ńsì mákírò (èyí tí a fi ń ya ohun kéékèèké nítòsí) 100mm tòkunbọ̀, ọwọ́ lásán ni mo fi ń yà. Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn mí: nínú mẹ́wàá tí mo bá yà, mẹ́jọ á ṣe bàìbàì. Ta ló lè kọ́ mi bí mo ṣe máa bọ́ nínú ìyẹn láìlo iná?

*

Ojú Kòkòrò:

Mẹ́jọ tó ń ṣe bàìbàì yẹn gan-an ló sọ àwa di oníná. Kì í ṣe ọwọ́ yín ló burú o. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀.

Ní 1:1, kòkòrò tó gùn ní mìlímítà 10 máa gba mìlímítà 10 lórí sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà. Tí ẹ bá lo f/11 (iye f ni bí ojú lẹ́ńsì ṣe ṣí tó; bí nọ́ńbà bá ṣe tóbi tó ni ojú rẹ̀ ṣe ń kéré tó) níbẹ̀ lórí kámẹ́rà tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kéré, ibi tó máa hàn kedere láti iwájú dé ẹ̀yìn ò tó mìlímítà kan. Ojú eṣinṣin á hàn, ìyẹ́ rẹ̀ á ti pòórá. Nítorí náà, ẹ ò lè sọ pé ẹ fẹ́ ṣí ojú lẹ́ńsì sí f/2.8 kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé dáadáa. Wàhálà mìíràn tún wà níbẹ̀: bí lẹ́ńsì ṣe ń sún mọ́ nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ tó ń dé sẹ́ńsọ̀ ń dín kù. F/11 tí Canon yín kọ síbẹ̀ ti di f/22 ní 1:1 (Nikon máa ń kọ iye tuntun yẹn jáde, Canon kì í kọ ọ́), ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ ló kù. Lábẹ́ ìbòòji ní ọ̀sán, pẹ̀lú ISO 100 (ISO ni bí kámẹ́rà ṣe ń tètè mọ ìmọ́lẹ̀ lára tó), ṣọ́tà, ìyẹn àkókò tí kámẹ́rà fi ń ṣí, tó máa gba ìmọ́lẹ̀ tó máa wà ní nǹkan bí 1/8 ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ gbé ISO dé 800, ẹ ṣì máa bá a ní 1/60. Ní 1:1, ọwọ́ ta ló dúró jẹ́ẹ́ fún 1/60? Ewé tí kòkòrò bà lé ńkọ́, tí atẹ́gùn ń mì?

Fíláàṣì kì í pẹ́ ní tiẹ̀. Tí ẹ bá lò ó ní 1/32 agbára rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń jókòó sórí kámẹ́rà máa tàn, wọ́n á sì kú, láàárín nǹkan bí 1/10,000 ìṣẹ́jú àáyá. Níwọ̀n ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ò bá rí àyè wọ àwòrán náà, iye yẹn gan-an ni ṣọ́tà yín, ohun yòówù kí kámẹ́rà kọ. Harold Edgerton, ọ̀jọ̀gbọ́n MIT ní Amẹ́ríkà, fi irú iná kúkúrú báyìí mú ẹ̀kán wàrà nígbà tó ta sókè tó ṣe bí adé; èyí tó lókìkí jù nínú wọn, aláwọ̀ pupa, jẹ́ ti 1957. Ìkángun ọ̀rọ̀ ni pé ọwọ́ yín lè máa gbọ̀n, iná ti ṣe tiẹ̀ tán kí ọwọ́ tó rìn dé ibì kan.

*

Ajíyàwòrán:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má da ọmọ ọlọ́mọ láàmú. Kò sí ohun tí iná fẹ́ ṣe tí ìdájí ò ní ṣe. Kó gbé kámẹ́rà sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kó jí kí oòrùn tó yọ. Lámilámi á wà lórí koríko, ìrì á bò ó, kò ní lè fò. Kó ya 20 tàbí 30, kó máa sún fókọ́ọ̀sì (ibi tó ń hàn kedere) díẹ̀díẹ̀, kí kọ̀ǹpútà dà wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan. Àwòrán àdánidá nìyẹn. Tiyín, ṣe ló dà bí àwòrán ìwé ìrìnnà.

*

Ojú Kòkòrò:

Àwòrán ìwé ìrìnnà dùn mí o, àmọ́ mo gbà á. Ohun tí ẹ sọ nípa ìdájí, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Òwúrọ̀ ọyẹ́, tí òtútù ti mú kòkòrò wọ̀ọ̀ tí atẹ́gùn ò sì tíì bẹ̀rẹ̀, mi ò ní gbé fíláàṣì jáde nínú àpò. Ìmọ́lẹ̀ ìgbà yẹn rọ̀, ó kárí.

Ṣùgbọ́n tó bá ti di aago mẹ́sàn-án ńkọ́? Alántakùn tó ń fò, ẹ fún un ní ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ tó fún àwọn ìdè rẹ̀ pinpin ó ti dé ẹ̀yìn ewé. Ìjàlọ tó ń wọ́ lọ kì í dúró de 20 àwòrán. Àti inú igbó ńkọ́, irú igbó IITA tó wà nílùú Ìbàdàn níbí, tàbí ti Lekki Conservation Centre l'Ékòó, níbi tí ewé orí igi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo oòrùn? Ojú ọ̀sán ni, ẹ máa rò pé ìrọ̀lẹ́ ni.

Ní ti "àdánidá" yẹn, mi ò fẹ́ bá yín jà. Ẹ kàn rántí Levon Biss, ará Bìrìtìkó, tó ya àwọn kòkòrò ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Oxford, tó ń da nǹkan bí 8,000 àwòrán pọ̀ di kòkòrò kan ṣoṣo. Òkú kòkòrò ni o, wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ gún un mọ́lẹ̀, kò lè lọ síbì kankan. Fíláàṣì náà ló fi yà á.

*

Ojú Kòkòrò:

Mo ń padà sórí ẹ̀sùn tí Oòrùn-ń-ràn fi kàn wá, nítorí ẹ̀sùn méjì ni, wọ́n sì máa ń dà á pọ̀ mọ́ra. Ẹ̀yìn tó dúdú, ọ̀tọ̀ ni. Dídán tó funfun báláú, ọ̀tọ̀ ni. Ohun tó ń fa ìkíní kọ́ ló ń fa ìkejì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti dúdú. Ìmọ́lẹ̀ fíláàṣì máa ń tán lójú ọ̀nà. Tí ìjìnnà bá di ìlọ́po méjì, ìmọ́lẹ̀ á ku ìdá kan nínú mẹ́rin. Ká ní iná wà ní sẹ̀ǹtímítà 8 sí kòkòrò. Ewé tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 8 lẹ́yìn kòkòrò máa gba ìdá kan nínú mẹ́rin; èyí tó wà ní 40 lẹ́yìn rẹ̀ ti jìnnà sí iná ní ìlọ́po mẹ́fà, ìdá kan nínú 36 ló máa gbà. Ìyẹn ti dúdú. Ògiri ilé aládùúgbò tó wà ní mítà mẹ́ta, ẹ má tilẹ̀ retí rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó tẹ kámẹ́rà, ẹ wo ohun tó wà lẹ́yìn kòkòrò, kì í ṣe kòkòrò nìkan. Ọgbọ́n tí mo máa ń dá nìyí: mo ní pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń sá aṣọ, mo so ó mọ́ orí igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ṣeé gún mọ́lẹ̀. Tí alántakùn bá wà lórí ọ̀pá ewúro, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣófo, màá já ewé kókò tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti ń pọ́n díẹ̀, màá fi pẹ́ẹ̀gì mú un, màá gún un ní nǹkan bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sẹ́yìn alántakùn náà. Iná kan náà tó kan alántakùn á kan ewé, ewé á sì ṣe bàìbàì torí kò sí ní fókọ́ọ̀sì, á di àwọ̀ lásán. Ewé tútù fún kòkòrò pupa, ewé tó ti pọ́n fún kòkòrò dúdú. Ewé tó bá ń dán ni kẹ́ ẹ má lò, ó máa dá iná padà sójú lẹ́ńsì.

Ajíyàwòrán á ní jìbìtì nìyẹn. Kó wí.

*

Ọmọ-Ìdúmọ̀tà:

Ṣé kì í ṣe pé kó gbé ISO sókè kó sì dín ṣọ́tà kù sí 1/60 ni? Oòrùn á tan ìmọ́lẹ̀ sí ẹ̀yìn, fíláàṣì á mójú tó kòkòrò. Kí la tún fẹ́ fi pẹ́ẹ̀gì ṣe?

Ojú Kòkòrò:

Ó ń ṣiṣẹ́, mo máa ń lò ó fún labalábá tí mi ò sún mọ́ dé 1:1. Àmọ́ ẹ mọ ohun tí ẹ fi ń ṣe pàṣípààrọ̀. Bí oòrùn bá ti wọ àwòrán, 1/10,000 yẹn kì í ṣe ṣọ́tà yín mọ́. Àwòrán méjì ló máa wà lórí ara wọn: ọ̀kan tí fíláàṣì yà tó dá ṣáká, ọ̀kan tí oòrùn yà tó mì. Ẹ máa rí i létí ẹsẹ̀ kòkòrò, bí ìgbà tí òjìji ń tẹ̀ lé e.

*

Ojú Kòkòrò:

Ó wá ku dídán. Èyí ni mo fẹ́ kí Oòrùn-ń-ràn gbọ́ dáadáa, torí pé fíláàṣì ni gbogbo ayé ń dá lẹ́bi, ẹjọ́ rẹ̀ sì kọ́.

Ohun tó ń jẹ́ kí iná le tàbí kó rọ̀ ni bó ṣe tóbi tó lójú ohun tó ń tàn sí. Oòrùn tóbi gan-an, ṣùgbọ́n ó jìnnà, kékeré ló rí lójú ọ̀run. Ìdí nìyẹn tí òjìji ọ̀sán fi ń mú. Ẹ gbé yímíyímí sínú oòrùn aago méjìlá láìsí fíláàṣì kankan, ẹ̀yìn rẹ̀ á funfun báláú ní ojú kan bákan náà. Kí ìkùukùu bo oòrùn, gbogbo ọ̀run á di iná, òjìji á sì rọ̀. Orí fíláàṣì tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà bíi méje, tó jókòó sórí kámẹ́rà, lókèèrè ló wà sí kòkòrò, oòrùn kékeré ni. Ẹ mú nǹkan funfun tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15 tàbí 20, tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ nà án síwájú títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bo kòkòrò lórí, kí fíláàṣì máa tàn sínú rẹ̀. Lójú kòkòrò, ìkùukùu ti dé. Nǹkan funfun yẹn là ń pè ní dífúsà, òun sì ni gbogbo iṣẹ́. Fíláàṣì wo lẹ rà, ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì.

Ẹ ò nílò kẹ́ ẹ lọ ra ti olówó ńlá. Fóòmù funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń wé tẹlifíṣọ̀n tuntun nínú páálí dára púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni bébà tí àwọn ayàwòrán ilé fi ń da àwòrán kọ. Ike áísìkiriìmù funfun náà ń ṣe é. Ẹ ṣe é ní ìlọ́po méjì: ìkíní lé ojú fíláàṣì gan-an, ìkejì níwájú, kí àyè wà láàárín wọn. Tí àyè ò bá sí, àárín dífúsà á mọ́lẹ̀ ju etí rẹ̀ lọ, kò sì sí iyàtọ̀ sí fíláàṣì lásán.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti dára: ẹ fa àwòrán ojú alántakùn yẹn tóbi lórí kọ̀ǹpútà. Ojú méjì ńlá tó wà láàárín iwájú dúdú, wọ́n ń dán, gbogbo ohun tó tan ìmọ́lẹ̀ sí wọn ló máa hàn nínú wọn. Tí ẹ bá rí ẹ̀kán funfun kékeré kan tó mú, iná yín kéré. Tí ẹ bá rí fèrèsé fífẹ̀ kan tó rọra ń ṣú lọ ní etí, ó ti bọ́ sí i. Èmi máa ń rí ìlà ibi tí mo ti lẹ fóòmù pọ̀ níbẹ̀ nígbà míì.

*

Oníṣègùn Eyín:

Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ fíláàṣì olórùka, èyí tó yí lẹ́ńsì po? Èmi ń lò ó lójoojúmọ́, kò sí òjìji, kò sí wàhálà dífúsà, kò sí fóòmù tẹlifíṣọ̀n.

Ojú Kòkòrò:

Dókítà, ẹ̀yin gan-an ni wọ́n ṣe é fún. Lester Dine ló gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ní 1952, fún yíya àwòrán eyín. Inú ẹnu jẹ́ ihò. Iná tó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ètè á dí i, àfi èyí tó bá gba ibi tí lẹ́ńsì ń gbà. Ẹ fẹ́ kí gbogbo eyín hàn bákan náà, kí òjìji má fi ihò pamọ́ fún yín.

Èmi ń wá òjìji. Òjìji ló ń fi hàn pé ẹ̀yìn yímíyímí ga, pé irun wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, pé ìlà wà lára rẹ̀. Ẹ fi iná olórùka yà á, á tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni fi òǹtẹ̀ lù ú, òrùka funfun á sì jókòó sínú ojú rẹ̀. Àwọn kan máa ń ra olórùka torí pé "mákírò" wà lára páálí rẹ̀. Owó yẹn tó fíláàṣì lásán kan àti owó ọkọ̀ lọ sí igbó. Fíláàṣì olórí méjì, irú MT-24EX ti Canon, sàn ju olórùka lọ fún kòkòrò, ṣùgbọ́n ó ṣì nílò dífúsà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀kán funfun méjì lẹ máa rí lójú alántakùn dípò ọ̀kan.

*

Ìyá Ìlẹ̀kẹ̀:

Ẹ má bínú o, mi ò ya kòkòrò. Ìlẹ̀kẹ̀ ni mò ń tà, iyùn àti sẹ̀gi. Àwọn oníbàárà tó wà ní London máa ń ní àwọ̀ tí wọ́n rí lórí fóònù kọ́ ló dé ọwọ́ wọn. Ọmọ mi, ṣé fíláàṣì yín yìí lè ràn mí lọ́wọ́?

Ojú Kòkòrò:

Ẹ kú ọjà mà. Kòkòrò àti ìlẹ̀kẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn méjèèjì ń dán. Fún iyùn, dífúsà ńlá lápá kan, páálí funfun lápá kejì kó máa dá ìmọ́lẹ̀ padà. Ẹ má jẹ́ kí dídán rẹ̀ tán pátápátá, torí ìyẹn ni oníbàárà ń wò.

Sẹ̀gi ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún mà. Irú rẹ̀ kan wà, ti àtijọ́, tó jẹ́ búlúù nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ti iwájú kàn án. Ẹ jẹ́ kí iná ti ẹ̀yìn gba inú rẹ̀ kọjá, á di àwọ̀ ewé. Ìlẹ̀kẹ̀ kan náà ni, ojú méjì ló ní. Nítorí náà, tí ẹ bá gbé e sórí gíláàsì tí iná wà lábẹ́ rẹ̀, bí àwọn tó ń ta wúrà ṣe máa ń ṣe, oníbàárà London á rí àwọ̀ ewé lórí fóònù, á sì rí búlúù lọ́wọ́. Ẹ fi iná ti iwájú yà á, kẹ́ ẹ tún ya ẹyọ kan láti ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ gbé méjèèjì fún un, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ fún un. Ẹni tó mọ sẹ̀gi máa sanwó lé e. Kẹ́ ẹ sì pa gílóòbù iná ilé nígbà tí ẹ bá ń yà. Àwọ̀ òfeefèé rẹ̀ àti funfun fíláàṣì kì í gbé pọ̀.

*

Ọmọ-Ìdúmọ̀tà:

Mo rí fíláàṣì Vivitar 283 kan lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta tòkunbọ̀, owó rẹ̀ ò tó nǹkan. Ṣé kí Oòrùn-ń-ràn wá gbé e?

Ojú Kòkòrò:

Kó má gbé e sórí kámẹ́rà rẹ̀ kó tó wọ̀n ọ́n. Àwọn kan nínú Vivitar 283 àtijọ́ máa ń gbé iná tó lé ní 200 fólítì wá sí ẹsẹ̀ wọn, níbi tí wọ́n ti ń jókòó sórí kámẹ́rà. Kámẹ́rà ayé fíìmù lè gbà á, ti òde òní lè jó. Ẹ tan fíláàṣì náà, ẹ jẹ́ kó gba iná yó, kẹ́ ẹ fi mítà tí àwọn oníṣẹ́ iná ń lò kan kókó àárín àti irin ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Tó bá wà lábẹ́ 6 fólítì, ọkàn yín balẹ̀. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kọ́kọ́ mọ iye tí kámẹ́rà yín lè gbà. Ọ̀gá tó ń tà á á ní "ó ń ṣiṣẹ́, ẹ wò ó", á tẹ̀ ẹ́, á tàn. Kì í ṣe ìyẹn là ń béèrè.

*

Oòrùn-ń-ràn:

Ẹ̀gbọ́n, mo ti yá fíláàṣì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan. Mo ṣe dífúsà pẹ̀lú fóòmù. Inú mi ò dùn láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ojú eṣinṣin ń hàn. Ẹ̀yìn àwòrán ṣì ń dúdú nígbà míì, màá wá pẹ́ẹ̀gì. Ìbéèrè tí mo ní: TTL ni mo fi sí, kí kámẹ́rà máa fúnra rẹ̀ wọn iná. Àwòrán kan á dára, èkejì á funfun jù. Ẹnì kan tún ní kí n lo HSS (ètò tó ń jẹ́ kí fíláàṣì bá ṣọ́tà tó yára ṣiṣẹ́) kí n lè lo 1/1000. Ṣé kí n tẹ̀ lé e?

Ojú Kòkòrò:

Ẹ má fetí sí ẹni HSS yẹn. HSS máa ń gé iná sí wẹ́wẹ́, á máa tàn léraléra títí ṣọ́tà á fi kọjá tán. Agbára á lọ sílẹ̀, iná kúkúrú tó ń dá nǹkan dúró á sì bọ́ lọ́wọ́ yín. 1/200 ti tó.

Ẹ kúrò lórí TTL. Kòkòrò dúdú lórí ewé dúdú máa tan kámẹ́rà jẹ, á rò pé iná ò tó, á da sí i. Ní mákírò, tí ẹ bá ti dúró lórí 1:1, ìjìnnà láti ojú lẹ́ńsì sí kòkòrò kì í yí padà, dífúsà náà ò kúrò lójú kan. Kí ló tún kù tí kámẹ́rà fẹ́ máa wọ̀n? Ẹ fi ọwọ́ ṣètò rẹ̀: f/11, 1/200, ISO 200, fíláàṣì ní 1/16. Ẹ ya ewé kan wò, tó bá funfun jù ẹ lọ sí 1/32. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ máà fọwọ́ kàn án mọ́ títí ẹ ó fi padà sílé, àyàfi tí ẹ bá sún sẹ́yìn kúrò ní 1:1. Ẹ pa fókọ́ọ̀sì aládàáṣe náà. Ẹ máa fi ara sún síwájú díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ojú kòkòrò bá hàn.

Oòrùn-ń-ràn:

Ẹ ṣé gan-an. Ṣé kí n wá máa tu owó jọ fún fíláàṣì olórí méjì nìyẹn?

Ojú Kòkòrò:

Rárá. Ẹ ra bátìrì AA mẹ́jọ tó ṣeé gba iná, NiMH, kì í ṣe alkaline, torí alkaline máa ń jẹ́ kí fíláàṣì pẹ́ kó tó ṣe tán láti tàn padà. Mẹ́rin nínú fíláàṣì, mẹ́rin nínú àpò. Ẹ fi bírò kọ A àti B sí wọn lára kẹ́ ẹ má pò wọ́n, kẹ́ ẹ sì gbé wọn sórí ṣájà nígbà tí iná bá ṣì wà.